Ṣé a gbọ́dọ̀ ya abọ́ ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú C sọ́tọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, bí àyẹ̀wò bá gbé hepatitis C jáde lára ẹnìkan nínú ilé, ṣé dandan ni kó ní abọ́ àti ife tirẹ̀?

Ìdáhùn 1: Rárá o! Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà ràn. Àjọjẹ, àjọmu, ìdìmọ́ra, kò sí èyí tó ń tàn án. Abẹ ìfárí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti abẹ́rẹ́ ni ẹ má ṣe jọ lò. Ẹ bu ọbẹ̀ fún un nínú abọ́ tí gbogbo yín ń lò. Bí ojú bá tì í, kò ní padà lọ ṣe àyẹ̀wò kejì, ẹ̀dọ̀ á sì máa bàjẹ́ láìsí ìrora.

Ìdáhùn 2: Àyẹ̀wò kejì yẹn, RNA, tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ló ṣe kókó. Ti àkọ́kọ́ kàn ń fi hàn pé kòkòrò náà ti wọ ara rí ni. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí lè máa gbé e jáde títí láé, kódà lẹ́yìn ìwòsàn. Nítorí náà, ìwà ìkà ni kí wọ́n tìtorí èsì rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Oògùn sofosbuvir àti daclatasvir, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, ń wo ohun tó lé ní 90 nínú 100 sàn. Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn oògùn, kó tún RNA ṣe.

Ìdáhùn 3: Kó ṣàyẹ̀wò hepatitis B kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, torí oògùn hepatitis C lè jí hepatitis B tó ti sùn nínú ara. Kó má sì fi àgbo tó ń mu pamọ́ fún dókítà.