Àna mi ló ṣí kọ̀ǹpútà, èmi ló tì mọ́ta

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Àsàlámù àléékù, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí mo rà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni. Mo tàn án láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ di búlúù, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà 48 kí òun tó ṣí. Nọ́ńbà 48! Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì mi gan-an, 8 péré ni. Ẹnikẹ́ni ò fún mi ní nọ́ńbà kankan nígbà tí mo rà á. Fọ́tò fídáù bàbá mi ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù torí fóònù ti kún. Lọ́la, aago mẹ́wàá, àwọn kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí iṣẹ́. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Wàálékùmù sàlámù. Ẹ fara balẹ̀, bàbá, kò bàjẹ́. Ó ti ara rẹ̀ pa ni. BitLocker ni wọ́n ń pè é, àgádágodo Windows tó ń ti gbogbo ohun inú dísìkì pa. Ẹ fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ fi ímeèlì tí ẹ fi ṣí kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọlé, nọ́ńbà yẹn á wà níbẹ̀. Ẹ tún wo ojú búlúù náà dáadáa, ẹ ó rí Key ID níbẹ̀, ẹ fi mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ wé èyí tó wà lórí fóònù, kí ẹ má lọ kọ ti kọ̀ǹpútà mìíràn.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Mo ti débẹ̀. Wọ́n ní mi ò ní kọ̀ǹpútà kankan.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ímeèlì wo lẹ fi ṣí i?

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Hmmm.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Àbúrò ìyàwó mi ló bá mi ṣí i. Ó wá kí wa láti Ìlọrin. Òun ló jókòó tì í, èmi ń se tíì fún un.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Tí ẹ bá tàn án, orúkọ ta ló máa ń jáde lójú rẹ̀?

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Orúkọ àna mi. Mo rò pé ó kàn ń kí i ni.

Àlàájì Houston
Yéè! Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ti bá àna yín wọ bàálù lọ sí Ìlọrin. Ímeèlì ẹni tó kọ́kọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé ni Windows máa ń fi nọ́ńbà yẹn pa mọ́ sí. Ẹ pè é.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Mo ti pè é nígbà mọ́kànlá. Ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìgbájà, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ìyàwó mi ní kí n yé yọ àbúrò òun lẹ́nu.

Alfa Dublin (alábòójútó)
Kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù: ẹ má gbé nọ́ńbà 48 yẹn síbí tí ẹ bá rí i. Ẹ má sì pe nọ́ńbà fóònù kankan tó bá yọ sójú kọ̀ǹpútà pé òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan rí, ọmọkùnrin kan tó lóhùn dídùn gba yúrò 200 lọ́wọ́ mi, ó ní òun ń bá mi pa kòkòrò. Kòkòrò kankan ò sí. Èmi ni kòkòrò.

Àlàájì Houston
Bàbá Ráfíù, kí lẹ fọwọ́ kàn lánàá? Kì í ṣàdédé béèrè nọ́ńbà yẹn.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Èmi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n bi Ráfíù.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Ráfíù ti jẹ́wọ́. Ó ní òun wo fídíò kan, òun wọ inú ohun kan tí wọ́n ń pè ní BIOS, òun wá pa Secure Boot, torí òun fẹ́ fi Linux sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Ẹ bá mi bi í, ta ni Linux?

Àlàájì Houston
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Linux kì í ṣe èèyàn, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, bíi Windows. BIOS ni ibi ìtò tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, Secure Boot inú rẹ̀ ló ń yẹ ohun tó fẹ́ tan kọ̀ǹpútà wò bóyá ó ṣeé fọkàn tán. Ráfíù pa á, BitLocker wá fura. Kí Ráfíù padà síbi tó dé, kó tan Secure Boot yẹn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó má fọwọ́ kan òmíràn, kó fi í pa mọ́, kó jáde. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó yí padà nìyẹn, kọ̀ǹpútà lè dá ara rẹ̀ mọ̀, kó ṣí láìbéèrè nǹkan kan.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ìdí nìyí tí èmi kì í fi ímeèlì ṣí kọ̀ǹpútà. Orúkọ lásán àti pásíwọ́ọ̀dù, ó tán. Kò ní dédé tì mọ́ mi lójú.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Àlàájì, ẹ má kọ́ àwọn èèyàn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Wọ́n jí tèmi nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìwé ilé, ìwé ọmọ, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Torí pé ó tì, olè tó gbé e kò rí nǹkan kan kà. Tó bá jẹ́ bíi tiyín ni, ó kàn máa yọ dísìkì inú rẹ̀, á fi sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, á máa ka ìgbésí ayé mi bí ìwé ìròyìn. Windows 11 Home kò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ dá a ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ wáífáì, kí ẹ mú ímeèlì wá.

Àlàájì Houston
Ọ̀nà wà tí a fi ń gbà á kọjá.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ọ̀nà wà, wọ́n sì ń dí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe àṣìṣe. Àna ló fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òmù, Leeds
Àǹtí, ẹ rọra. Àna ẹni wá kí ni láti ilé, ẹ ní kí a sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà? Ta ló láyà bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Kó fọwọ́ kàn án. Tó bá kan ímeèlì, kí onílé gbé tíì sílẹ̀, kó wá tẹ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Alfa Dublin (alábòójútó)
Èmi ò rí ẹ̀bi àna níbẹ̀. Fọ́tò tó pa rẹ́ lórí fóònù kó tó rí ibi kejì tọ́jú rẹ̀ sí, ìyẹn ni mo pè ní àṣìṣe. Kọ̀ǹpútà á ṣí tàbí kò ní ṣí. Fídáù bàbá ẹni, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ṣé ẹ rí i, ìbínú àna ò jẹ́ kí n ronú. Bàbá Ráfíù, ṣé iPhone ni? Ẹ wọ ibi fọ́tò, ẹ wá Recently Deleted. Ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ níbẹ̀ máa ń dúró tó 30 ọjọ́ kó tó lọ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ sọ.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
WỌ́N WÀ NÍBẸ̀! Alfa tó ń ka Yáásínì, àwọn Ìyá Pákátà, agolo rẹ́súrẹ́sú, gbogbo wọn wà níbẹ̀! Allāhu Akbar. Àǹtí, Ọlọ́run á tọ́jú àwọn ìbejì. Mo ti ń sunkún.

Ọmọ Ọ̀fà, Toronto
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mo bá ìjà nílẹ̀, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi tù yín nínú. Nígbà tí wọ́n ní Windows 10 ò ní rí àtìlẹ́yìn mọ́ láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ibi iṣẹ́ wa ń ta àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn bí ẹní ń ta ànàmọ́. Mo ra ńlá kan, èyí tó ní àpótí nílẹ̀, mo fi í sínú àpótí ẹrù tó ń lọ sílé, mo ní kí bàbá mi fi máa wo ìròyìn. Mi ò mọ̀ pé bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wáyà iná ń wọ̀, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná 120 la ń lò ní Kánádà, ó sì wà lórí 115. Iná ilé, 230 ni. Ẹ ti mọ ìyókù. Ọjọ́ tí iná dé, wọ́n kó gbogbo aládùúgbò jọ. Bàbá ní kí n dúró lórí fóònù kí n gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó ní "GBÀÀ!" Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Àlàájì Houston
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ bá kọ̀ǹpútà wọ̀yá ìjà, ó dá yín.

Ọmọ Ọ̀fà, Toronto
Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ ò léégún, ẹṣin leégún yín. Ẹ gun ẹṣin lọ sí Ìgbájà, ẹ lọ gba nọ́ńbà 48 bọ̀.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Ẹ má bú Ìlọrin torí tèmi o, mo ní ìṣòro tó tó mi.

Ọmọ Ọ̀fà, Toronto
Láptọ́ọ̀pù ò ní ìyọnu yẹn ṣá. Ẹ wo ara ṣájà rẹ̀: tí wọ́n bá kọ 100-240V síbẹ̀, ibi tó wù kó lọ, orí pílọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òmù, Leeds
Tèmi náà rèé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra láptọ́ọ̀pù fún mi ní Amẹ́ríkà, ó gbé e wá. Mo fi @ sínú pásíwọ́ọ̀dù mi torí mo gbọ́n. Nígbà tó yá, mo yí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ti ìlú ọba. Láti ọjọ́ náà, kò gbà mí wọlé mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta! Mo gbààwẹ̀ lé e. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọdé kan wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó gba pọ́n-ùn 60. Ibi tí Amẹ́ríkà fi @ sí, ibẹ̀ ni ìlú ọba fi àmì " sí, wọ́n gbé ara wọn pààrọ̀. Ojú pásíwọ́ọ̀dù sì jẹ́ dúdú kìrìbìtì, ẹ ò lè rí ohun tí ẹ ń tẹ̀.

Ọmọ Ẹsiẹ̀, Jámánì
Ẹ dúpẹ́ ni. Ti Jámánì, Z ló wà níbi tí Y yẹ kó wà. Ẹ wo orúkọ Yorùbá wò. Yusuf di Zusuf. Yétúndé di Zetunde. Mo kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹsiẹ̀, mo kí "Iza Ijo". Wọ́n kà á lórí pẹpẹ.

Alfa Dublin (alábòójútó)
Iza Ijo! Mo ti ṣubú lórí àga.

Ọmọ Ẹsiẹ̀, Jámánì
Mo ti fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí i báyìí, ó wà nínú Windows, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè kún èdè. Orúkọ tí mo kọ́kọ́ fi dán an wò ni ti màmá mi. Ìyábọ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mo kàn jókòó, mo ń wò ó. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti fojú kàn wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́ Òmù, Leeds
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ṣé o ń bọ̀ nílé ní Kejìlá?

Ọmọ Ẹsiẹ̀, Jámánì
Màmá ló ní kí n má ì wá. Wọ́n ní kí ọ̀nà kọ́kọ́ dáa.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Bí tèmi náà ṣe ń sọ nìyẹn.

Àlàájì Houston
Ẹni tó bá máa lọ, wàrà Ìpàtà lèmi ń fẹ́. Mo fi fínígà ṣe é lánàá, ó dì dáadáa.

Àbẹ̀kẹ́ Òmù, Leeds
Fínígà? Ìyẹn kì í ṣe wàrà, Àlàájì. Ewé bọmubọmu ni wàrà ń gbà. Ní Leeds a máa ń ra hàlúmì, wàrà òyìnbó kan, a dín in, a dijú jẹ ẹ́.

Àlàájì Houston
Ẹ wá sí Houston kí ẹ wá jẹun. Níbí, àmàlà wà ní títì mẹ́rin, a kì í dijú jẹ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ooru Houston ni yóò bá yín jẹ ẹ́. Bàbá Ráfíù, ti ọ̀la ńkọ́? Tí kò bá ṣí, ẹ fi fóònù ṣe é, ẹ gbé e ti nǹkan kó má mì. Tàbí kí ẹ lọ sí láíbúrárì ìjọba, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá ṣí, kí ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì tiyín rọ́pò ti àna, kí ẹ tẹ nọ́ńbà 48 náà sórí ìwé, kí ẹ fi sínú ìwé Kùránì yín.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Ráfíù ti tan ohun tó pa. Ó ń yí róbótó lójú ara rẹ̀ báyìí. Ẹ dúró, àna mi ń pè.

Ọmọ Ọ̀fà, Toronto
Gbogbo ìlú dákẹ́.

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Ó kí mi dáadáa. Ó ní ìyá wọn ń kí mi. Ó wá béèrè pé ìgbà wo ni mo máa fi láptọ́ọ̀pù òun ránṣẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ fún òun pé òun ni a rà á fún, ìdí tí òun fi fi ímeèlì òun ṣí i nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ṣé ó fún yín ní nọ́ńbà náà?

Bàbá Ráfíù, Birmingham
Mò ń lọ bá ìyàwó mi ní ilé ìdáná.

Ọmọ Ọ̀fà, Toronto
Láptọ́ọ̀pù ni, kò ní bọ́tìnnì pupa. Ẹ lè fi ránṣẹ́.