Àkọ̀ ni mo fara mọ́: lórí orúkọ ibi tí à ń ki àgádágodo kẹ̀kẹ́ sí

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣeré lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di ìjà gidi. Fún ẹni tí kò bá wa débẹ̀: kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn láti Asẹ́rò lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, àgádágodo tí mo fi ń dè é mọ́ òpó sì wúwo ju kílò kan àbọ̀ lọ. Ike tí wọ́n tà mọ́ ọn, tó yẹ kó dì í mú lára kẹ̀kẹ́, kò lo oṣù kan tó fi kán. Mo wá fọwọ́ ara mi ṣe òmíràn, mo sì bi yín pé kí ni ká máa pè é. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní "àgbékọ́". Màmá wa olùkọ́ ní Iléṣà ní "àkọ̀". Ẹnìkan mú "agbágádágodo" wá. Àbúrò kan ní ká kúkú pè é ní "hódà" bí òyìnbó ṣe ń pè é, ká lọ sùn.

Ó jọ pé orúkọ là ń jà lé lórí, a ò tíì wo ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹ. Àgádágodo yìí kì í ṣe ti ilẹ̀kùn. Irin rẹ̀ ki, ó tẹ̀ bí bàtà ẹṣin, ọ̀pá kan sì dábùú ẹnu rẹ̀. Mo gé páìpù omi oníke sí méjì, mo fi kílípù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń de họ́ọ̀sì so ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, lára irin tó ti abẹ́ ìjókòó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi pẹ́dà. Apá méjèèjì àgádágodo á gba inú páìpù kọjá, màá wá fi ọ̀pá ìdábùú tì í nísàlẹ̀. Ibi yòówù kí kòtò gbé mi sọ, kò lè bọ́. Rọ́bà tíúbù àlòkù tí fọganáísà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wé mọ́ ọn kó má baà ha ọ̀dà kẹ̀kẹ́, kó má sì máa ké gbàn-ùn gbàn-ùn bí agogo.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ní àgbélébùú ni ẹ wò ṣe àgbékọ́: à, gbé, lé, ìbú. Gírámà yín kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò gbà. Ohun tí a bá gbé kọ́ ń fì ni. Kí n tó ṣe nǹkan yìí, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo ń fi àgádágodo kọ́. Ẹ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta wò pẹ̀lú irin kílò kan àbọ̀ tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún yín, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: á gbá yín lẹ́sẹ̀, á tún máa fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kíkọ́ gan-an ni mo sá fún. Ṣé orúkọ ohun tí mo sá fún ni kí n tún fi sọ ibi tí mo sá sí?

"Agbágádágodo" ńkọ́? Agbálẹ̀ ni ènìyàn, ìgbálẹ̀ ni ohun èlò. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dá mi lóhùn pé agbégilódò, ọkọ̀ tó ń kó gẹdú, kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń gbé igi rìn. Páìpù tèmi kò dá lọ síbì kankan.

Ti hódà, mi ò bá àbúrò jà. Àmọ́ ẹ rántí pé Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní 1859. Ìwé wà, ìròhìn wà, wọ́n pa wọ́n pọ̀, ohun tuntun rí orúkọ. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ti Fáráò nínú Bíbélì, kẹ̀kẹ́. Ti télọ̀, kẹ̀kẹ́. Lónìí, ẹni tó bá dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ tó pe kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa dúró fún un.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ṣẹlẹ̀ ní Láfẹ́nwá. Mo mú kẹ̀kẹ́ lọ bá ajórin kan pé kó bá mi fi irin ṣe irú ẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ilé lẹ fẹ́ kí n kọ́ fún un." Inú mi dùn! Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ṣe ń pe ibi tí bíárìn ń jókòó sí ní ilé bíárìn. Òwe sì gbè é lẹ́sẹ̀: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àṣé ilé àti àkọ̀, ọ̀kan náà ni. Mo ti ń múra láti kọ̀wé sí yín pé "ilé àgádágodo" ló gbégbá orókè, àfi bí mo ṣe rántí pé àwọn ẹlòmíràn kì í lo irú tèmi, ẹ̀wọ̀n onírin ni wọ́n fi ń de kẹ̀kẹ́ tiwọn. Kí ni ibi tí wọ́n ń kó tiwọn sí yóò wá máa jẹ́? Ilé ẹ̀wọ̀n! Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nítorí náà, Màmá, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá sọ pé àkọ̀ ń bo ojú idà, àti pé páìpù tèmi kò bo nǹkan kan, kó wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá àkọ̀ rìn. A ń ki idà bọ̀ ọ́, a sì ń fà á yọ. Láàárọ̀, tí mo bá dé ìdí òpó, fífà ni mò ń fa àgádágodo yọ; nírọ̀lẹ́, mo tún ń kì í bọ̀ ọ́. Kí n tó wá orúkọ rárá ni mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àkọ̀ àgádágodo, àkọ̀ ẹ̀wọ̀n: kò sí ẹni tí wọ́n máa tì mọ́lé níbẹ̀.

Ó ku orúkọ àgádágodo ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ẹni tó dábàá "ọlọ́pàá" nítorí ọ̀pá tó dábùú ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró ní Sápọ́n kí n máa pariwo pé wọ́n ti jí ọlọ́pàá mi gbé.