Ojú guinea pig kan fara pa: ṣé kí n yà á kúrò lọ́dọ̀ èkejì?

Ẹ jọ̀ọ́, guinea pig (ẹran ọ̀sìn kékeré tó jọ eku) méjì ló jọ ń gbé. Ojú òsì ọ̀kan ń ṣomi, ó sì funfun láàárín. Kí ni kí n ṣe?

— Ẹ má yà wọ́n o, àfi bí èkejì bá ń lá ojú náà. Nígbà náà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin dábùú àgò, kí wọ́n ṣì máa gbóòórùn ara wọn. Ẹ jọ gbé méjèèjì lọ bá dókítà ẹran lónìí.

— Koríko gbígbẹ ló sábà ń gún wọn lójú. Ẹ má kán oògùn ojú tó ní steroid (èròjà tó ń dín wíwú kù) sí i, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná. Omi iyọ̀ 0.9% ni kí ẹ fi nù ún.

— Ẹ máa wọn bó ṣe wúwo tó lójoojúmọ́. Bí kò bá jẹun fún wákàtí 12, pàjáwìrì ni. Amoxicillin (oògùn apakòkòrò), ẹ má fún un mu láéláé: ó ń ba ìfun wọn jẹ́, ó lè pa á.