Sójà tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ jáde láti Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn: ibo ló ti máa ń dà rú?

Ọmọ Ìlárẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sájẹ́ǹtì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń múra àtidíje fún ìjókòó Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Óṣogbo. Ìwé mẹ́fà ló ní kó tó wọṣẹ́ ológun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kí ló máa ń dá irú wọn dúró lọ́nà? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó sọ o, a ò fẹ́ "wọ́n ní, wọ́n ní".

Lọ́yà Lágere:
Ìwé mẹ́fà nìkan ò dí i lọ́nà. Òfin ní kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọmọ ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2018 ni wọ́n dín in kù), kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀, kó sì kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ọ̀rọ̀ "ohun tó bá a dọ́gba" yẹn ni kó dì mú. Abala 318 nínú ìwé òfin 1999 ní ẹni tó bá ní ìwé mẹ́fà, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ti aládàáni fún ọdún 10 ó kéré tán, tó ti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ pé ọdún kan, tó sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ ọ́, kó sọ ọ́ débi tó tẹ́ INEC lọ́rùn, òun náà yege. Ọdún iṣẹ́ kì í wọ́n sójà. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún kan yẹn ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ní ibùdó àwọn ológun ní Oshodi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ò tó. Kó wá ìwé ẹ̀rí gbogbo kọ́ọ̀sì tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, kó ka oṣù tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, kó rò wọ́n pọ̀ kí ẹlòmíì tó bá a rò ó.

Kékeré Mòòrè:
Gẹ̀ẹ́sì "quick march" náà Gẹ̀ẹ́sì ni 😂

Òṣómàáló Ìjòkà:
Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ fi ìwé mẹ́fà sílẹ̀, orúkọ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ìwé ìfẹ̀yìntì sójà lè gbé orúkọ bàbá síwájú, ìwé mẹ́fà á gbé e sẹ́yìn, káàdì ìdìbò á yọ orúkọ kan kúrò pátápátá. Adéyẹmí níbìí, Adéyẹmọ lọ́hùn-ún. Kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù EC9 tí olùdíje ń kọ nípa ara ẹ̀ fún INEC ni kó ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe: kó lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ni gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn, kó gbé e sínú ìwé ìròyìn, kó tọ́jú ojú ìwé ìròyìn náà lódindi, kì í ṣe ibi tí orúkọ ẹ̀ wà tí wọ́n gé yọ nìkan. EC9 fúnra ẹ̀, ìbúra ni. Ohun tó bá ti kọ síbẹ̀, INEC á lẹ̀ ẹ́ síta ní ẹkùn ìdìbò láàárín ọjọ́ 7, ẹni tó bá sì sanwó lè gba ẹ̀dà ẹ̀.

Kékeré Mòòrè:
Ọjọ́ orí ńkọ́? Ọjọ́ orí bárékè yàtọ̀ sí ọjọ́ orí ilé o.

Lọ́yà Lágere:
@Kékeré Mòòrè ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ibẹ̀ ló ti ń jó èèyàn. Ìbúra kóòtù lè so orúkọ méjì pọ̀, kò lè sọ ìwé ayédèrú di ojúlówó. Ẹni tó bá fún INEC ní ayédèrú ìwé ẹ̀rí, abala 107 nínú ìwé òfin 1999 ti yọ ọ́ sọ nù. Ẹ sì fọkàn sí èyí: lábẹ́ Òfin Ìdìbò 2022, ẹni tó bá a du ìdìbò abẹ́lé nínú ẹgbẹ́ kan náà nìkan ló lè pè é lẹ́jọ́ lórí ohun tó kọ sí EC9, ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, láàárín ọjọ́ 14. Ẹgbẹ́ alátakò ò lè ṣe é. Ará ilé ni.

Ìyá Ìbejì Mayfair:
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Akéwì Àkàrábàtà:
Kí lẹ̀ ń dààmú ara yín sí? Sójà ti ṣe gómìnà Ọ̀ṣun rí. Oyinlola jẹ́ bìrìgédíà tó fẹ̀yìn tì, ó wọlé ní 2003, ó wà níbẹ̀ títí di November 2010.

Òṣómàáló Ìjòkà:
@Akéwì bìrìgédíà tó ti jẹ gómìnà ológun l'Ékòó kó tó jáde l'Ọ́ṣun lẹ fi ń wé sájẹ́ǹtì? Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, alága wọ́ọ̀dù ni ọ̀gágun. Tí alága wọ́ọ̀dù ò bá kọ orúkọ ẹ sínú ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó máa kí ẹ ní "sah". Òfin Ìdìbò 2022 ní ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé orúkọ yẹn ránṣẹ́ sí INEC. Kí ó lọ wò ó fúnra ẹ̀, kó má gbọ́ "ó wà ńbẹ̀" lẹ́nu akọ̀wé.

Akéwì Àkàrábàtà:
Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ará ìlú fẹ́ràn ẹni tó lè pàṣẹ.

Lọ́yà Lágere:
Àṣẹ wo? Ọmọ ilé 26 ni wọ́n. Ẹni 9 ló gbọ́dọ̀ jókòó kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Tí gómìnà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin, ẹni 18 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di òfin lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni kan tó ń pàṣẹ láàárín àwọn 25 yòókù, ariwo lásán ló ń pa. Ẹ̀bẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Bàbá Párákìn:
Kò sẹ́ni tó ń dìbò nítorí "ẹni 9". Ta ló máa ra tiransífọ́mà fún wa? Ilé ń yọ bí olú, iná ò gbé e mọ́.

Lọ́yà Lágere:
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, iṣẹ́ aṣòfin kọ́ nìyẹn.

Bàbá Párákìn:
Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn obìnrin ọjà.

Wáyà Ẹlẹ́yẹlé:
Ẹ jẹ́ n bá Bàbá Párákìn sọ ọ́ nítorí wọ́n ń fi tiransífọ́mà tan èèyàn jẹ. Èyí tó jẹ́ 300 kVA, nǹkan bí 417 áńpì ló lè gbé lórí wáyà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 500 kVA á gbé bí 696. Tí olóṣèlú bá sọ pé òun gbé tiransífọ́mà wá, ẹ bi í: ṣé òróró wà nínú ẹ̀? Ṣé fíúsì ńlá tí wọ́n ń pè ní J&P wà? Ta ló máa ra kébù tó gòkè lọ sórí òpó? Ẹ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ amúnáwá tọwọ́ bọ̀wé kí ó tó dé, torí tí wọ́n bá ti so ó mọ́ òpó wọn, tiwọn ló dà. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ ládùúgbò tuntun ni pé gbogbo ilé á sáré wọ wáyà tó bá ní iná lọ́jọ́ yẹn. Wáyà kan á gbé ẹrù ìlú, méjì á ṣófo, fíúsì á máa fò. Ẹ pín ilé sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gbadọ́gba kẹ́ ẹ tó ní kò tó.

Bàbá Párákìn:
O ṣeun ọmọ mi. Síbẹ̀ tiransífọ́mà ni mo fẹ́.

Ìyá Ìbejì Mayfair:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ ilé tó ń yọ bí olú, ẹ ò sọ̀rọ̀ ìbò tó wà nínú ẹ̀. Ilé pọ̀, ìbò kéré! Àwọn tó ń kọ́lé sí Párákìn àti ojú ọ̀nà Ìbàdàn, Èkó àti Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ wọn ti forúkọ sílẹ̀. Káàdì yẹn ò wúlò fún sájẹ́ǹtì n'Ífẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá gbé orúkọ wọn wá. Ẹ̀dà káàdì àtijọ́ ni wọ́n ń mú lọ, òfin 2022 sì ní kó má dín ní 90 ọjọ́ sí ìdìbò. Kí wọ́n tún mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé wọn bọ́ sí, torí Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn náà wà. Ẹlòmíì á pariwo fún sájẹ́ǹtì láàárọ̀, káàdì ẹ̀ á sì máa dìbò fún ẹlòmíì.

Kékeré Mòòrè:
Ìbò inú ọgbà Yunifásítì ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni.

Ìyá Ìbejì Mayfair:
Má gbẹ́kẹ̀ lé e. Lọ́dún 2023 wọ́n ti yunifásítì pa láti 22 February sí 14 March nítorí ìdìbò. Ìdìbò ilé aṣòfin wá kúrò ní 11 March, ó bọ́ sí 18 March. Ọmọ tó ti wọkọ̀ lọ sílé, ta ló máa sanwó ọkọ̀ ẹ̀ padà?

Akéwì Àkàrábàtà:
Kí ó gbé egúngún jáde lọ́jọ́ ìpolongo, gbogbo Ifẹ̀ á tú jáde.

Lọ́yà Lágere:
Òfin Ìdìbò 2022, abala 92: egúngún ò gbọ́dọ̀ bá olóṣèlú kankan ṣe ìpolongo. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà bẹ́ẹ̀. Kó sì fi aṣọ ológun sílé. Tó bá fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ sáyà ní 15 January níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn akọni, kó má mú àsíá ẹgbẹ́ dání.

Kékeré Mòòrè:
Eégún ò kúkú ní PVC.

Àgbà Òkèrèwè:
Àwàdà ni o, àmọ́ ká fi eégún sílẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Òṣómàáló Ìjòkà:
Lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ló máa gbà á tàbí kó pa á. Kí aṣojú kọ iye èèyàn tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, fọwọ́ sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìbò, kó fi wé ohun tí wọ́n kọ sórí EC8A, ìwé èsì ìbò ibùdó náà, kó fọwọ́ sí i, kó gba ẹ̀dà tiẹ̀. Ẹ rántí ẹjọ́ ìbò Gómìnà Adeleke: ibùdó 744 ni ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ fagi lé ìbò wọn ní January 2023, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a padà ní March, kóòtù tó ga jù fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 9 May. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ BVAS fúnra ẹ̀ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Aṣojú tí ebi ń pa á kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta, kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ bá a.

Bàbá Párákìn:
Oúnjẹ aṣojú, oúnjẹ olùdìbò. Dìbò kóo sebẹ̀ ńkọ́?

Lọ́yà Lágere:
Ẹni tó bá fowó ra ìbò, ohun tí òfin 2022 là kalẹ̀ fún un ni owó ìtanràn 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Iye tí òfin 2022 yẹn ní olùdíje ilé aṣòfin lè ná nígbà náà ò ju mílíọ̀nù 30 náírà lọ.

Òṣómàáló Ìjòkà:
Mílíọ̀nù 30 lórí ìwé 😂 Kí ó ṣáà má jẹ gbèsè ẹni tó ń tẹ fọ́tò ìpolongo n'Íléṣà, a ó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ gbowó wa.

Ọmọ Ìlárẹ́:
Mo dúpẹ́ o. Àmọ́ wọ́n ní ìwé mẹ́fà yẹn gan-an ti jóná. Kí ni kó ṣe?

Lọ́yà Lágere:
Ìwé láti àgọ́ ọlọ́pàá, ìbúra kóòtù pé ó sọ nù, kó wá lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ níbi tó ti kàwé kí wọ́n bá a wá orúkọ ẹ̀ nínú ìwé àwọn tó ṣèdánwò lọ́dún náà. Ọdún wo ló jáde?

Ọmọ Ìlárẹ́:
Èwo nínú ọjọ́ orí méjèèjì ni ká fi kà á?