Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: gìtá acoustic olówó gọbọi tí mo máa lò dọjọ́ alẹ́

AkọrinBaltimore
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo fẹ́ ra gìtá gidi, èyí tí mi ò ní pààrọ̀ mọ́ láyé. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju dọ́là 3,500 lọ, mo lè fi díẹ̀ lé e tó bá pọn dandan. Ìka ni mo fi ń ta á jù, nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í fi bẹ́ẹ̀ lo pick (nǹkan pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn). Baltimore ni mò ń gbé ṣùgbọ́n Ìbàdàn la ti máa ń ṣe Kérésì, ó sì máa bá mi lọ. D-28 tí ilé iṣẹ́ Martin ń ṣe ni gbogbo èèyàn ń pariwo, ṣé kí n rà á, àbí ẹ ní òmíì lọ́kàn?

Gbẹ́nàgbẹ́nàGìtá
D-28 dáa, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn ìyẹn, àmọ́ tó bá jẹ́ ìka lẹ fi ń ta á, OM-28 ni kẹ́ ẹ lọ wò, Martin náà ló ń ṣe é. Ikùn D-28 tóbi, ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì máa ń bo tòkè mọ́lẹ̀ téèyàn ò bá fi pick gbá a dáadáa. Ti OM yìí, ọdún 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí Perry Bechtel tó ń ta banjo ní kí wọ́n bá òun ṣe gìtá tí ọrùn ẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni wọ́n bá jẹ́ kí fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) 14 yọ síta kó tó kan ikùn ẹ̀, dípò 12. Gbogbo okùn ló máa dá dún létí yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tówó yẹn ń lọ. Ojú gìtá yẹn, igi spruce gidi ni látòkè délẹ̀, kò sí plywood níbẹ̀, kò sì nípọn ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fi agbára tó tó kílò 70 fà á tọ̀sán tòru. Tó bá nípọn jù kò ní dún, tó bá fẹ́lẹ́ jù á wú, á sì ya. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀, méjì tó gùn jù nínú wọn dábùú ara wọn bíi X, Martin sì ti ń lò ó láti bíi 1840 sókè. Oníṣẹ́ á wá fi chisel gbẹ́ igi yẹn wọnú díẹ̀díẹ̀ kí ojú gìtá lè ráyè mì. Ẹ tan iná fóònù yín sínú ihò ẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti jìn àti ibi tó ti ga. Nǹkan bí 1944 ni wọ́n pa gbígbẹ́ yẹn tì torí àwọn èèyàn ń so okùn tó nípọn tó ń fa ojú gìtá sókè, HD-28 tí Martin náà ṣe ló dá a padà ní 1976. Owó iṣẹ́ ọwọ́ yẹn lẹ̀ ń san.

ÌyáKúáyà
Ẹ ò tíì dá ṣọ́ọ̀ṣì lóhùn o. Tó bá jẹ́ pé inú sípíkà ló ti máa dún jù, 814ce tí ilé iṣẹ́ Taylor ń ṣe lèmi máa mú. Wọ́n gé èjìká ẹ̀ kan kí ọwọ́ lè dé fret ìsàlẹ̀, pickup (ohun tó ń gbé ohùn gìtá lọ sínú sípíkà) ti wà nínú ẹ̀, bóòtì ni wọ́n sì fi de ọrùn ẹ̀, torí náà tí ọrùn bá yẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún (gbogbo gìtá okùn irin ló lè ṣẹlẹ̀ sí) àtúnṣe ẹ̀ ò le. Ti Martin, ooru omi gbígbóná ni wọ́n máa fi tú u níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tuntun ẹ̀ lè ju owó yín lọ, ẹ wá àlòkù tó mọ́.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn nípa Taylor ni ti igi ebony, igi dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọrùn gìtá. Ní 2011 làwọn àti ilé iṣẹ́ kan láti Spéìn ra ilé ìlagi ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ibẹ̀ ni Bob Taylor, ọ̀kan lára àwọn tó dá Taylor sílẹ̀, ti gbọ́ pé tí wọ́n bá gé igi tí inú ẹ̀ ò dúdú kanlẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó jẹrà sínú igbó. Ló bá ní àwọn á máa lo èyí tó ní ìlà lára náà. Tẹ́ ẹ bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára Taylor, ẹ má rò pé ó bàjẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nàGìtá
Òótọ́ ni mà, àmọ́ wọ́n lè lẹ K&K Pure Mini, irú pickup kan, mọ́ inú OM yẹn, ohùn igi ẹ̀ á sì ṣì jáde.

ỌmọMọ́kọ́lá
Ìbàdàn lèmi wà, ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jàre. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi á sún kì, irin fret ò ní sún, orí irin yẹn á wá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn tí á máa ha yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ojú gìtá náà ti fẹ́ máa là nìyẹn. Ẹ fi Boveda 49, àpò kékeré tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ jù, sínú àpótí ẹ̀, ẹ má sì gbé e kọ́ sára ògiri ní yàrá tí AC ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta D-28 àtijọ́ fún yín torí ìrìn àjò yẹn o. Igi Brazilian rosewood ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ títí di 1969, CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò igi àti ẹranko tó ṣọ̀wọ́n, sì ti dè é láti 1992, kò ṣeé gbé kọjá bọ́dà láìgba ìwé àṣẹ. Rosewood Íńdíà tó wà lára tuntun ò ní wàhálà yẹn, láti 2019 ni wọ́n ti yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti fi ṣe parí kúrò nínú òfin CITES.

AkọrinBaltimore
Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. OM-28 ló wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí mi ní méjì, iye kan náà, ọdún kan náà. Èwo ni kí n mú?

Gbẹ́nàgbẹ́nàGìtá
Ẹ ta méjèèjì, ohùn wọn ò lè bára mu torí igi méjì ò jọra. Ẹ tẹ okùn kejì ní fret 12, ẹ ta á ẹ̀ẹ̀kan, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú. Ẹ tún ta á jẹ́jẹ́, torí gìtá tó dáa kì í dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá gbá a kó tó dáhùn. Tí wọn ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í tó wákàtí kan, ẹ gba Nazareth ní Pennsylvania lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, kò jìn sí yín, ẹ ó sì rí àwọn oníṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́.