Kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dé: ìrírí wa lórí ilé tí kò ní máa jẹ owó iná

Ará Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mi ò tíì kọ́lé, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ní, púlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, lápá Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń múra, mi ò sì tíì fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti gbà pé owó mi ti tán. Owó ò tán. Èmi fúnra mi ni màá darí iṣẹ́ náà, mi ò gbé e fún agbaṣẹ́ṣe, ìmúrasílẹ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ ròyìn, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ tiyín náà wá sọ ohun tójú yín rí.

Ilé tí mò ń háyà ló gbé mi dédìí ẹ̀. Títí di 2023, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń sùn. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún náà, epo tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fò lọ sókè ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo ti jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rọ̀. Mo ní ṣebí Band A la wà, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ, iná ìjọba ni màá máa lò. Ìgbà tó di oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé yúnìtì kan, ìyẹn 1,000 wáàtì fún wákàtí kan, lọ sí ₦225. Ẹ bá mi ṣírò: AC tó ń jẹ 1,100 wáàtì, bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 8 láìdúró, yúnìtì 8.8 ló jẹ. Ìyẹn ₦1,980 lóru ọjọ́ kan nígbà yẹn, nínú yàrá kan ṣoṣo. Fáànù oníwáàtì 70, fún wákàtí 8 yẹn kan náà, ₦126 ni. Ṣùgbọ́n fáànù ò wúlò nínú yàrá tèmi. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ síni lójú, bí ẹni jókòó ti ààrò.

Mo bá pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣe sólà. Ó wá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí pé ìgbà yẹn ni mò ń délé. Ó ka gbogbo ohun tó ń lo iná, ó sọ iye owó rẹ̀, mo ní kó tún un sọ. Bó ṣe ń kó ìwé rẹ̀ jọ, ó fọwọ́ gbára lé ògiri yàrá mi, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Bàbá, oòrùn ti wọ̀ látìgbà wo, ògiri yìí ṣì gbóná. Ẹ ò tíì nílò sólà o. Ilé yìí gan-an ló ń jẹ iná yín." Ọmọ tó wá tajà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, kì í sì í ṣe tìtorí ooru nìkan.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ ri igi mọ́ àárín ilẹ̀ mi. Igi tó ga ní mítà méjì. Ohun tí mò ń ṣe ò ju kí n máa lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí n máa fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ bá dé. Àwọn ọmọ tó ń kọjá ń pè mí ní babaláwo. Láti kékeré ni mo ti gbà pé oòrùn ọ̀sán ń gba àárín orí kọjá, mi ò mọ̀ pé ó ń rìn. Lóṣù Kẹfà, apá àríwá ló gbà, òjìji igi mi bọ́ sí gúúsù, kò sì ju ìdajì mítà lọ púpọ̀. Lóṣù Kejìlá, ó ti sún lọ sí gúúsù, òjìji bọ́ sí àríwá, ó sì lé ní mítà kan. Ohun tó jẹ́ fún ilé ni pé, bí etí òrùlé bá yọ síta dáadáa, ògiri àríwá àti ti gúúsù á wà lábẹ́ ìbòji lọ́sàn-án jálẹ̀ ọdún. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ni kò sí òrùlé tó lè gbà á sílẹ̀, nítorí pé oòrùn aago mẹ́rin sí mẹ́fà ti wálẹ̀, iwájú ló ń gbà wọlé. Ó yé mi wàyí ìdí tí ògiri ilé àyágbé mi fi ń gbóná di alẹ́.

Mo so ọ̀rá mọ́ orí igi yẹn láti mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Nígbà òjò, láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́. Ọyẹ́ ń gba òdìkejì wá pẹ̀lú eruku rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni títì mi wà. Pláànì tí gbogbo èèyàn ń yà ládùúgbò wa, pálọ̀ àti yàrá baálé ilé ló máa ń wà níwájú, kí àlejò lè rí i. Èmi ní kí ayàwòrán ilé kó ilé ìwẹ̀, àkàsọ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí sí apá títì, kí fèrèsé ibẹ̀ kéré, kí pálọ̀ àti àwọn yàrá wà lápá àríwá àti gúúsù. Ìyàwó mi wo ìwé náà títí. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kọ́ ilé tó kẹ̀yìn sí títì. Ṣé a jẹ gbèsè ni?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé, ẹ gbà mí o.

Ìyá Aláṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrònú, bàbá wa. Ẹ má fetí sí ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo kọjú sí títì, ibo ni mò ń sùn? Yàrá àwọn ọmọ.

2017 la kọ́ tiwa. Pláànì àbúrò ọkọ mi la gbà, ó ti fi kọ́lé sí Èkó, ó dùn ún wò. Ilé alápárápẹ́ẹ̀tì, tí òrùlé rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri bí ẹni tó jalè. Kò ní etí òrùlé rárá. Òjò ń lu ògiri, oòrùn ń lu ògiri, omi sì ń jókòó síbi tí páànù ti pàdé ògiri lókè. Ọdún kẹta ni sílìn pálọ̀ ti ń yọ àbàwọ́n bíi máàpù. Fèrèsé yàrá mi jẹ́ gíláàsì onísílááìdì, ó fẹ̀ dáadáa, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn sílááìdì, ẹ rántí pé bó ti wù kẹ́ ẹ ṣí i tó, ìdajì ló ń ṣí. Fèrèsé tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ló ń gba atẹ́gùn tán. Lúfà ayé àtijọ́ náà ń gbà á, àfi eruku àti olè ló bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù lọ kò sí nínú ilé. Igi máńgòrò kan wà lórí ilẹ̀ náà nígbà tí a rà á, igi àgbà, apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí gan-an ló wà. Ọjọ́ tí katapíla dé, awakọ̀ rẹ̀ béèrè bóyá kóun dá a sí. Èmi fúnra mi ni mo ní kó wó o, pé ewé rẹ̀ á máa dọ̀tí sílẹ̀. Ẹnu mi yìí. Ní báyìí, mo ti gbin òmíràn síbẹ̀, ó ga dé èjìká mi. Nígbà tó bá fi máa ṣíji bo fèrèsé yẹn, bóyá ọmọ-ọmọ mi ni yóò máa sùn níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ gbàgbé: ẹ jẹ́ kí wáyà yín pín sọ́nà méjì látìgbà tí páìpù bá ń wọnú ògiri. Fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì lọ́tọ̀, AC, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìpọnmi lọ́tọ̀. A ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gbé ìnfátà wọlé fún àwọn tí kì í jẹ iná púpọ̀ nìkan, ògiri tí a ti kùn la tún fọ́.

Bírikìlà Ọ̀ṣogbo

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ párápẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹnu wa ò gbà á mọ́. A bá sọ pé kò dáa, oníbàárà á ní a ò mọ iṣẹ́ ìgbàlódé.

Bàbá Mọ́níyà, ẹ ò sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi mọ ògiri. Mo ti fi búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ǹtì kọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kọ́ mẹ́ta. Èyí tó ń wọ inú ara wọn ni mò ń sọ, tí kì í fẹ́ sìmẹ́ǹtì pípò láàárín ìlà kan sí èkejì. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, nǹkan bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọn kì í sun ún níná. Bẹ́ ẹ bá rí ilẹ̀ tó dáa nítòsí, owó sìmẹ́ǹtì àti owó ọkọ̀ á dín kù. Àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ilé kíkọ́ àti títì, tó ń jẹ́ NBRRI, ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ní ibùdó l'Ọ́tà.

Kí ẹ má rà á lójú pípọ́n o. Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú òkè, èyí tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀ kò wúlò. Ẹ bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, ẹ bu omi kún un, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ mọ́jú. Yanrìn á kọ́kọ́ rì, àwọn èyí tó kúnná á jókòó lé e lórí, amọ̀ á gbẹ̀yìn. Bí yanrìn bá ju ìdajì lọ, tí amọ̀ ò sì pọ̀ jù, inú wa dùn. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ògiri á máa sán.

Oníbàárà mi kan fẹ́ràn búlọ́ọ̀kù yìí, ó sì ní òun ò ní rẹ́ ẹ kí àwọ̀ pupa rẹ̀ lè hàn. Mo ní kò burú. Ìgbà tó kan òrùlé, ó ní kí káfíńtà gé etí rẹ̀ kúrú nítorí owó páànù. Òjò ọdún kejì ti jẹ ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀. Èmi ni wọ́n ń bú ládùúgbò yẹn dòní.

Òrùlé ni ẹ má ṣahun sí. Ibẹ̀ ni ooru ti ń wọlé jù. Páànù aláwọ̀ dúdú tí gbogbo èèyàn ń lò báyìí ń mu oòrùn bí ẹní mu ògì. Èyí tó funfun tàbí tó ń dán ń dá a padà. Kẹ́ ẹ sì fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí àdán, kí ooru tó wà láàárín páànù àti sílìn lè ríbi jáde.

Ará Ìlú Ọba

Mo kí gbogbo ilé. Ìtàn tèmi á pa yín lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan kọ́ ilé tirẹ̀ níbí, ní gúúsù England, láti orí ìwé títí dé kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ ìwé tó wà nínú ẹ̀ ju iṣẹ́ bíríkì lọ. Owó kan wà tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́lé tuntun ní ọ̀pọ̀ agbègbè, wọ́n ń pè é ní CIL. Wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé, ṣùgbọ́n àfi kó kọ̀wé béèrè fún un, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ó ti pàdánù. Owó VAT tó san lórí ohun èlò náà, ó lè béèrè fún un padà lẹ́yìn tí ilé bá parí, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì fún un.

Ilé náà dára. Ọ̀pá ìdiwọ̀n tó le gan-an la tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n ń pè ní Passivhaus, ti ilé tí kì í jẹ́ kí ooru jò síta, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì. Wọ́n á gbé fáànù ńlá sẹ́nu ọ̀nà láti mọ iye atẹ́gùn tó ń jò, kò sì gbọ́dọ̀ ju 0.6 ìlọ́po inú ilé lọ ní wákàtí kan. Gíláàsì ńlá kọjú sí gúúsù kí oòrùn lè wọlé nígbà òtútù. Orí mi wú.

Ni mo bá gbé ọgbọ́n yẹn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 2019. Mo di gbogbo ihò. Mo ní kí wọ́n fi gíláàsì ńlá sí gúúsù. Bàbá káfíńtà béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọ̀gá, atẹ́gùn ńkọ́?" Mo ṣàlàyé fún wọn bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Lóṣù Kejìlá tí mo dé fún ọdún, oòrùn gba gíláàsì yẹn wọlé bí ẹni tí mo kọ̀wé pè. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ṣé mo ṣì wà láyé, torí wọ́n sùn síbẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tó wúlò nínú gbogbo ohun tí mo kó bọ̀ ni fóòmù tí mo tẹ́ sórí sílìn. Ìyókù, ilé tó ń pa ooru mọ́ ni mo kọ́ fún ìlú tó ń wá ibi tí ooru á gbà jáde.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìlú Ọba, ẹ ò bá ti wá sọ́dọ̀ wa ní Porto-Novo kẹ́ ẹ tó náwó. Ilé àwọn Àgùdà tó wà níbí, àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá, ògiri wọn nípọn, àjà wọn ga, fèrèsé onípákó tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé kí oòrùn má wọlé. Ilé ìyá ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Páànù tí wọ́n fi rọ́pò òrùlé rẹ̀ nìkan ló bà á jẹ́, wọ́n gbé sílìn wálẹ̀ kí fáànù lè rọ̀.

Ará Mọ́níyà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ sétígbọ̀ọ́ ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi igi máńgòrò, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé pláànì wá. Ó ti fara mọ́ pálọ̀ apá àríwá, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí ilẹ̀kùn ńlá wà lápá títì, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òrùlé sì wà níwájú rẹ̀ tí òun á ti máa tajà. Mo gbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà á gba oòrùn dúró, òun ò mọ̀ pé òun ti bá mi ṣe é.

Igi cashew méjì ló wà lórí ilẹ̀ mi. Mo ti fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n lára kí katapíla lè rí wọn.

Bírikìlà Ọ̀ṣogbo, mo gbẹ́ ilẹ̀ náà lánàá, ó jìn tó orúnkún mi kí pupa tó jáde. Ìgò ti wà lójú fèrèsé láti alẹ́ àná. Yanrìn rẹ̀ lé díẹ̀ ní ìdajì, bí mo ṣe fi rúlà wọ̀n ọ́n, àmọ́ omi òkè ṣì pọ́n bíi tíì. Ṣé kí n dúró di ọ̀la kí n tó ka ti amọ̀?