Owó Ìrànwọ́ fún Iṣẹ́ Kíkó Ike àti Àtúnlò: Ohun Tí Ojú Wa Rí

Láti Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń béèrè ibi tí ẹgbẹ́ kékeré ti lè rí owó tí a kì í dá padà fún iṣẹ́ àtúnlò, mo fẹ́ sọ bí tiwa ṣe lọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ni wá, gọ́tà tí ọ̀rá omi máa ń dí nígbà òjò ló sì kó wa jọ. Ike àti ọ̀rá tí a ń ṣà là ń tà fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èrè ibẹ̀ kò lè ra ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ ike pọ̀ kí ọkọ̀ lè kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ìwé-ẹ̀rí orúkọ òwò tí ọ̀kan nínú wa ti gbà lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò wúlò níbí, nítorí pé ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè ni àwọn aláàánú ń wá. Apá F nínú CAMA ti ọdún 2020, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, la gbọ́dọ̀ gbà wọlé, kí a yan àwọn alámòójútó, kí a kéde wọn nínú ìwé ìròyìn méjì, kí a sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò wá. Nígbà tí báǹkì tún ní ká lọ gba ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń dènà fífọ owó ẹ̀gbin mọ́ lábẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, ìyá kan nínú wa béèrè bóyá ike ṣíṣà ti di olè jíjà. A rẹ́rìn-ín, a sì lọ gbà á.

Ètò tó bá irú iṣẹ́ wa mu jù lọ ni Small Grants Programme ti GEF, àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àyíká. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sì ti ń bá wọn bójú tó o. Ẹgbẹ́ aráàlú ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kì í ṣe iléeṣẹ́ aládàáni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí ẹgbẹ́ kan ń rí gbà kì í sábà kọjá 50,000 dọ́là, ìgbìmọ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan iṣẹ́ tí wọn yóò ná an lé lórí. Wọ́n tún máa ń fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yóò mú wá, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, agbára tàbí owó. Àjọ mìíràn tó kéré sí i ló padà fún wa lówó, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi wá.

Ohun tó gbè wá níwájú wọn ni ìwé kan tí a kò kọ nítorí wọn rárá. Ìyá alátà kan ló ti ń kọ iye kìló tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá kó wá sílẹ̀, kí ìjà má baà wà nígbà tí a bá ń pín owó. Ìwé yẹn, tí epo pupa ti ta sí lára, ló sọ fún wọn bí ike tí ìbá ti wọ gọ́tà ṣe pọ̀ tó. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn nípa àyíká tí à bá kọ tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ní òṣùwọ̀n, kó rà á kó tó máa kọ lẹ́tà.

Láti Èkó:

Òótọ́ ni màmá sọ. Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ti fi kẹ̀kẹ́ kó ike láti ilé dé ilé fún ọdún mélòó kan kí King Baudouin Foundation ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó fún un ní ẹ̀bùn ìdàgbàsókè Áfíríkà ti 2018 sí 2019. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tiwa kò tíì pé ọdún kan nígbà tí a kọ̀wé sí àjọ kan, wọ́n sì ní ká mú ìwé ìṣirò owó tí oníṣirò ti yẹ̀ wò wá, èyí tí ẹgbẹ́ tuntun kò lè ní. A wọ abẹ́ ẹgbẹ́ kan tó ti pẹ́, orúkọ tirẹ̀ ni owó náà sì gbà wọlé.

Láti Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ní Peckham níbí, aṣọ ẹbí tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a kò tún wọ̀ mọ́ ni à ń gbà jọ, tí a ń rán di àpò àti aṣọ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ká lọ sí Landfill Communities Fund, nítorí pé inú owó orí tí ìjọba ń gbà lórí pàǹtí tí a ń rì mọ́lẹ̀ láti ọdún 1996 ló ti ń wá. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2003 ni wọ́n ti yọ iṣẹ́ àtúnlò kúrò nínú ohun tí a lè fi owó náà ṣe. Ọgbà ìgbafẹ́, gbọ̀ngàn àdúgbò àti irú wọn ló wà fún báyìí. Èyí ṣì ń ya mí lẹ́nu.

National Lottery Awards for All, ètò ìrànwọ́ tí owó rẹ̀ ń wá láti inú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì, la padà kọ̀wé sí, níbi tí ẹgbẹ́ ti lè béèrè láti 300 pọ́n-ùn títí dé 20,000. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò le, àmọ́ ó kéré tán, wọ́n fẹ́ kí ènìyàn méjì tí kò bára tan wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, tọkọtaya kò sì lè dúró fún ènìyàn méjì náà. Pásítọ̀ wa àti ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo nǹkan tẹ́lẹ̀, nítorí náà a ní láti yan akápò mìíràn. Màmá, ṣé àwọn tó fún yín lówó gbà kí ẹ fi san owó òṣìṣẹ́?

Láti Ìbàdàn:

Ọmọ mi, wọ́n gbà fún ẹni tó ń darí ẹ̀rọ nìkan. Ìpín-ìpín ni wọ́n sì ń san owó ìrànwọ́ náà. Ìpín kejì kò jáde títí a fi fi rìsíìtì ìpín kìíní ránṣẹ́. Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú rẹ̀, owó ike tí a tà la fi ń rà á.